Torí Pé Mo Pè Yín ní Bọ̀ọ̀dá

Ẹ má pè mí ní àbúrò! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má pè mí ní àbúrò láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbé mi dé ẹnu ọ̀nà yín láìjẹun, láìwẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ lọ́rùn mi bí ẹni tí iná lé jáde nílé! Rárá, mi ò jókòó. Rárá, mi ò mu omi. Ìyàwó wa, ẹ má ṣe wàhálà kankan... Ẹ wò ó! Ẹ ò rí nǹkan bí? Mo tún ti sọ ọ́! Mo pe ìyàwó yín ní ìyàwó wa! Ẹnu mi yìí ni yóò pa mí. Màdáámù, ẹ má bínú, ẹ kì í ṣe ìyàwó wa, ìyàwó ọkọ yín nìkan lẹ jẹ́, èmi ò bá yín tan níbì kankan, ẹ bá mi gbé omi yẹn padà.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀? Wọ́n lé mi jáde ni! Ìgbìmọ̀ abẹ́rẹ́ lé mi jáde lánàá, lójú gbogbo èèyàn, bí ọmọ iléèwé tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí tíṣà ń kọ́ni, torí yín! Torí pé mo pè yín ní bọ̀ọ̀dá!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ń gbọ́ o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó dáa, mo ti jókòó, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn? Ẹ jẹ́ kí n mí.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni wọ́n mú ṣe aṣojú àwọn ìyá nínú ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé? Ẹ ò mọ̀? Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń páàkì ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kí lẹ rò pé mo máa ń ti ilẹ̀kùn lọ ṣe, kí n lọ sùn ni? Ìgbìmọ̀ ni mò ń lọ! Alága wà ńbẹ̀, Dókítà wà ńbẹ̀, Pùròfẹ́sọ̀ wà ńbẹ̀, Akọ̀wé wà ńbẹ̀, èmi aránṣọ náà wà ńbẹ̀, lórí àga tó ń jó ní ẹsẹ̀ kan. Iṣẹ́ wa ni kí á wo abẹ́rẹ́ tí ilé-iṣẹ́ yín, tẹ́ ẹ̀ ń wa ọkọ̀ fún, bá kó wá, kí á bi wọ́n léèrè bó ṣe rìn, bó ṣe sùn, bó ṣe jí, kí á tó ní kí wọ́n máa gún un fún ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ gidi ni. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé mo rán aṣọ tuntun fún un.

Wáyìí o, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan wà tí a máa ń ṣe. A ó yí tábìlì po, ẹnì kọ̀ọ̀kan á dìde, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, á ní, "Ọwọ́ mi mọ́, mi ò ní ẹbí, mi ò ní ìbátan, mi ò ní ohun tí mò ń jẹ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí à ń yẹ̀ wò." Ẹni tó bá ní, á sọ ọ́ síta, á gbé báàgì rẹ̀, á bọ́ sí kọ́rídọ̀, ó di ìgbà tí a bá parí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ yẹn kó tó wọlé padà. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Èmi fúnra mi máa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ta ló fẹ́ kí ẹni tó ń tajà náà ló máa jókòó yẹ ọjà wò?

Ṣùgbọ́n ẹ wo tábìlì yẹn ná! Bíró tí Pùròfẹ́sọ̀ fi ń kọ̀wé, orúkọ ilé-iṣẹ́ yín ló wà lára ẹ̀. Ife tí Dókítà fi ń mu tíì, orúkọ ilé-iṣẹ́ yín. Aago ara ògiri tó ń sọ fún wa pé àkókò ti ń lọ, orúkọ ilé-iṣẹ́ yín ní lẹ́tà pupa rọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ má bi mí nípa kàlẹ́ńdà. Pùròfẹ́sọ̀ dìde, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní "Ọwọ́ mi mọ́," bíró yín sì wà nínú ọwọ́ mímọ́ ọ̀hún! Mo wo ọwọ́, mo wo bíró, mo wo ojú ẹ̀, ojú náà mọ́ ju ọwọ́ lọ. Dókítà dìde. Dókítà tí ilé-iṣẹ́ yín fi ọkọ̀ òfúrufú gbé lọ sí ìpàdé kan létí òkun, òun àti ìyàwó ẹ̀, tó dé pẹ̀lú fìlà koríko lórí, ó ní ọwọ́ tòun náà mọ́. Mo ní kí n béèrè ọ̀rọ̀, Akọ̀wé ní rárá, ìyẹn kì í ṣe ẹbí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ létí òkun! Kí ni wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀, ẹja pípa?

Mi ò bínú o. Mo ní ó dáa, àwọn ni wọ́n kàwé, ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé nìyẹn. Ó kàn mí, mo dìde, mo gbé ọwọ́ mi sókè, abẹ́rẹ́ ìránṣọ ṣì há mọ́ apá aṣọ mi, mo ní ọwọ́ mi mọ́. Ọwọ́ mi sì mọ́! Ẹ wò ó! Àtáńpàkò tí abẹ́rẹ́ ti gún láìmọye ìgbà!

Ó wá kan ẹrù tẹ́ ẹ gbé wá ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ rántí Ọjọ́bọ̀? Ẹ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ ń retí kí wọ́n ṣí géètì ilé ìkẹ́rùsí ìjọba, oòrùn mú hanhan, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oòrùn." Kí lẹ dá mi lóhùn? Ẹ ní, "Àbúrò, kì í ṣe oòrùn ló ń dà mí láàmú, ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ yìí tutù ló kú láti òwúrọ̀, mo pe ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n ṣáà máa gbé e bọ̀." Àbí ẹnu yín kọ́? Ẹ má mi orí sí mi, ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ̀hẹn. Ẹ tún ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ ní kí n na ọwọ́ wọnú ẹ̀ wò. Mo na ọwọ́. Ooru ló bọ̀ mí lọ́wọ́! Ibi tó yẹ kó máa tutù nini, ó ń gbóná bí ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí mo bá ń lọ aṣọ.

Dókítà yìí kan náà, kó tó di ẹni etí òkun, òun ló kọ́ wa nínú ìgbìmọ̀ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibi tútù ló ń gbé. Ó ní èyí tí ooru bá ti pa kì í ṣe májèlé, kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Wàhálà ibẹ̀ sì nìyẹn, pé kò ní ṣe nǹkan kan! Ọmọ á gbà á, á ké, ìyá á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, á fi ayọ̀ gbé e lọ sílé pé ó tán, ọmọ mi ti bọ́. Àrùn tó ń bọ̀ lọ́nà ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gún nǹkan.

Ni mo bá dìde lánàá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká má tíì fọwọ́ sí ẹrù yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sọ́tọ̀ kí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí bọ̀ọ̀dá mi tó wa ọkọ̀ wá sọ fún mi pé ẹ̀rọ kú lọ́nà." Ó tán! Ohun tí mo sọ nìyẹn! Ẹ bá mi wò ó, ibo ni ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀?

Alága bọ́ awò ojú ẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá ta ni?" Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi." Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá yín ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ yìí?" Èmi òpè, mo tún fi ìgbéraga dáhùn! Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, òun ló ń wa ọkọ̀ wọn, èèyàn dáadáa ni." Ó yíjú sí Akọ̀wé, ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀." Akọ̀wé, ọmọ tí mo bá dín ṣòkòtò ìgbéyàwó ẹ̀ kù láìgba nǹkan kan, ó tẹ orí ba, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fàlàlà pé ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, àti pé mo fi í pamọ́ fún ìgbìmọ̀!

Ọmọ ìyá mi! Èmi tí ìyá mi ò bí ọkùnrin kankan!

Mo pariwo. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, mo pariwo gan-an ni. Mo ní bọ̀ọ̀dá ti àpọ́nlé ni! Mo ní kí ni kí n máa pe ọkùnrin tó jù mí lọ, ṣé kí n máa pè é ní "ìwọ dẹ́rẹ́bà"? Ṣé ilé tí wọ́n ti tọ́ mi nìyẹn? Alága ní, "Ẹ fara balẹ̀, ìyá wa, òfin lòfin." Mo ní, "Ìyá ta ni? Ìyá yín? Èmi? Tí bọ̀ọ̀dá bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé èmi ni mo bí yín nìyẹn o, Alága! Ọmọ mi ló wá ń darí ìpàdé tí mo jókòó sí! Ó yá, kí tìyátọmọ jọ jáde!" Pùròfẹ́sọ̀ fi bíró bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ṣì lè kọ ọ́ kún un pé ọkọ méjì ni mo ní, torí pé ọmọ àbúrò ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ eyín, 'ọkọ mi' ni mò ń pè é!" Ṣé ẹ mọ̀ pé Akọ̀wé fẹ́ kọ ọ́? Ọmọ yẹn gbé bíró! Mo fi Ọlọ́run búra, ó gbé bíró!

Ẹ wá wo èyí tó burú jù. Alága ní, "Kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n yín?"

Mo lanu. Mo pa á dé. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, mi ò mọ orúkọ yín! Mo mọ ìró fèrè ọkọ̀ yín. Mo mọ̀ pé ọmọ yín kékeré ò fẹ́ràn ìṣirò. Mo mọ ibi tí ṣòkòtò yín ti máa ń ya, torí èmi ni mò ń lẹ̀ ẹ́. Orúkọ, mi ò mọ̀. Ta ló ń béèrè orúkọ bọ̀ọ̀dá? Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n sà." Inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ̀rí wo ló tún kù, ta ni kì í mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀? Ṣẹ́ ẹ mọ ohun tí Alága wí? Ó mi orí, ó ní, "Ẹ wò ó bí ó ṣe ń dáàbò bò ó. Ó ti ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pamọ́."

Wọ́n bá lé mi sí kọ́rídọ̀.

Bẹ́ńṣì kan wà níbẹ̀, ó le bí òkúta, ó kọjú sí ilé ìyàgbẹ́. Ibẹ̀ ni mo jókòó, báàgì lórí itan. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ kọjá, ó ní, "Ìyá, kí lẹ ṣe?" Mo ní, "Mo kí èèyàn ni." Ó wò mí, ó rọra yí ìgbálẹ̀ ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Mò ń gbọ́ wọn látinú yàrá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jẹ bisikíìtì. Bisikíìtì tèmi náà wà ńbẹ̀! Bí aago ilé-iṣẹ́ yín ṣe ń dún kí-kí-kí, mò ń gbọ́ ọ láti ìta. Ojú tì mí, bọ̀ọ̀dá. Mò ń fi ṣe àwàdà báyìí ni, ṣùgbọ́n ojú tì mí débi pé omi ń dà lójú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Mánija yín gba iwájú mi kọjá, ó ta lọ́fínńdà, ó wọlé lọ ṣàlàyé. Ilẹ̀kùn ò pa dé dáadáa. Mo gbọ́ tí Alága ní, "Ọ̀gbẹ́ni Mánija, ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀," ohùn ẹ̀ tutù, ó le, bí ẹni tí ò rí ọkùnrin náà rí láyé. Mánija ní kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, dẹ́rẹ́bà ló ń sọ ìsọkúsọ. Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ̀yin ni! Ìsọkúsọ! Alága ní wọ́n á parí ẹ̀ láàárọ̀ òní ní aago mẹ́wàá, wọ́n á fọwọ́ sí i, kí ẹrù máa lọ sí gbogbo ilé ìwòsàn.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, orí mi ń gbóná. Mo rán apá aṣọ mọ́ ibi ọrùn. Ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó Alága wọlé wá gba búlaòsì ẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́, èmi àti ẹ̀ ò ní ìjà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u. Ó wọ búlaòsì wò, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi fún un níbí díẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wọ̀ ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ mánija ilé-iṣẹ́ tó ń kó abẹ́rẹ́ wá." Abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu mi, díẹ̀ ló kù kí n gbé e mì! Mo rọra yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo ti gbọ́n báyìí, mi ò gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní, "Màdáámù, ẹ̀gbọ́n báwo? Ẹ̀gbọ́n àpọ́nlé àbí ẹ̀gbọ́n gidi?" Ó ní, "Àǹtí, kí ló dé? Ìyá kan, bàbá kan, ọyàn kan náà la mu! Ilé ẹ̀ ni ọkọ mi ti fẹ́ mi jáde. Títí dòní, tí ọkọ mi bá rí i, á dọ̀bálẹ̀, á ní 'Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàárọ̀ sà.'"

Bọ̀ọ̀dá! Ẹ gbọ́ ọ?

Nílé, bọ̀ọ̀dá. Nínú ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Mánija! Ẹni tó ní bọ̀ọ̀dá níbẹ̀ lóòótọ́ ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni, ó jókòó sórí àga, ó ń jẹ bisikíìtì. Èmi tí mi ò ní ẹnikẹ́ni, mò ń pè yín ní bọ̀ọ̀dá, mo wà lórí bẹ́ńṣì, mò ń wo ilé ìyàgbẹ́! Kí Ọlọ́run bá mi dá sí i! Kí bíró yẹn máa da yíǹkì sí wọn lápò! Kí fìlà koríko ọ̀hún máa yún un lórí títí ọdún á fi yípo! Rárá, màdáámù, mi ò ní ṣépè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀nba tó ṣeé fọ̀ kúrò lára aṣọ ni mò ń ṣẹ́.

Ẹ ní kí n gbàgbé ẹ̀? Ẹ ní ìjọba ni, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i?

Bọ̀ọ̀dá, ẹ wojú mi. Mo ní àbúrò obìnrin kan. Àbúrò gidi ni mò ń wí o, ìyá mi ló bí wa, orí ẹní kan náà la jọ sùn. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bó ṣe máa sáré. Títí dòní, mo mọ ìrìn ẹ̀ láti òkèèrè, ẹsẹ̀ kan ń rìn, èkejì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Gbogbo ìgbéyàwó tá a ti lọ, ìdí àga ló ti ń jó. Ìdí tí mo fi wọ ìgbìmọ̀ yẹn nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń kanlẹ̀kùn káàkiri àdúgbò, tí mò ń bẹ àwọn ìyá pé ẹ gbé ọmọ lọ, ẹ má bẹ̀rù, mo ti bá yín wò ó, ó dáa. Wọ́n gbà mí gbọ́! Àwọn tó ń sá fún abẹ́rẹ́, torí tèmi ni wọ́n fi lọ. Tí wọ́n bá wá gún omi gbígbóná fún ọmọ wọn lábẹ́ orúkọ mi, tí àrùn wá mú ọmọ tó ti gbà á, ta ni yóò tún ṣílẹ̀kùn fún mi? Ta ni yóò tún gbà pé abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́? Ọmọ ọmọbìnrin mi náà yóò gbà á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti pariwo láti ìgbà tí mo ti dé, ohun tó wà lábẹ́ ariwo náà nìyẹn: ẹ̀rù ń bà mí.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ tẹ̀ lé mi. Aago mẹ́wàá, ká jọ dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ sọ fún wọn lójú wọn pé ẹ ò bá mi tan, pé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi lásán la ti mọra, kí wọ́n dá mi padà sórí àga mi. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ kú.

Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín ni. Màdáámù, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ilé kún. Mo mọ̀ pé wọ́n lè gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó padà dé ilé. Ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá, lọ́jọ́ tí ọmọ kan bá dùbúlẹ̀, ta lẹ rò pé Mánija máa na ìka sí? Ara ẹ̀? Ó ti na án sí yín lánàá! Ó ti ní ìsọkúsọ lẹ̀ ń sọ! Àti pé, tí ẹ bá fẹ́ dákẹ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ hàn mí ní Ọjọ́bọ̀? Ẹni tó fẹ́ dákẹ́ kì í ní kí aránṣọ wá na ọwọ́ wò ó. Inú yín ò gbà á. Mo rí i lójú yín, ẹ tún ń wo ilẹ̀.

Màdáámù, kí lẹ wí? Ẹ tún un wí kó gbọ́. Ẹ̀hẹn! Ẹ ṣeun! Ó ní kẹ́ ẹ lọ! Ó ní ẹ ò tíì sùn dáadáa láti Ọjọ́bọ̀, ẹ kàn ń yí síbí, ẹ ń yí sọ́hùn-ún, ó sàn kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́ kí òun náà lè rí oorun sùn!

Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe èyí, bọ́tìnnì ẹ̀ kan ti já. Ìyẹn dáa. Ó ku ẹyọ kan, orúkọ yín. Ohun tí Alága máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, mi ò sì ní lanu lásán lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ pè é... Ẹ̀hẹn, ó bá yín mu. Ti ìdílé yín ńkọ́, èyí tẹ́ ẹ fi ń parí orúkọ?

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un pè.

Ẹ má fi mí ṣeré o. Màdáámù, ṣé orúkọ tí ọkọ yín ń jẹ́ nìyẹn lóòótọ́? Kì í ṣe pé ó ń tọ́ mi? Ìyẹn orúkọ ìdílé bàbá tó bí mi! Orúkọ tí mò ń jẹ́ kí n tó wọlé ọkọ! Ó dáa, ó dáa, èèyàn púpọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, kò ní ìtumọ̀. Bàbá bàbá yín, iṣẹ́ kí ló ṣe? Pákó? Ó ń ta pákó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé wọ́n ń pè é ní Onípákó. Wọ́n ń pè é ní Onípákó! Onípákó tí ìyàwó ẹ̀ kékeré bínú kó àwọn ọmọ lọ, tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó wọn mọ́? Ìyàwó kékeré yẹn ló bí bàbá yín? Háà! Ìyàwó àgbà ló bí bàbá mi! Ẹ rẹ́rìn-ín kí n rí eyín yín. Yéè, ẹ wo eyín bàbá mi lẹ́nu dẹ́rẹ́bà!

Ẹ gbà mí! Màdáámù, ẹ bá mi mú àga yìí dání, ẹ̀rín fẹ́ gbé mi ṣubú! Mo rin gbogbo ọ̀nà yìí láti wá bẹ ọkùnrin kó sọ pé òun ò bá mi tan, ọmọ Onípákó ni! Akọ̀wé mọ̀ mí ju bí mo ṣe mọ ara mi lọ! Ẹ jẹ́ kí n nu ojú.

Kí lẹ̀ ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sí? Ta ló ní ká má lọ mọ́? Ká má sọ fún ẹnikẹ́ni? Ká máa pe ara wa ní Ọ̀gbẹ́ni àti Màdáámù níwájú wọn? Kí n wá di Alága kékeré? Rárá o! Màá dìde, màá gbé ọwọ́ mi sókè, màá ní, "Alága, òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi ni, lánàá mi ò mọ̀, òní ni mo mọ̀ ọ́n, mo ti ń gbé báàgì mi." Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, màá di ilẹ̀kùn mú ṣinṣin, màá ní, "Ó yá o, Alága, ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín náà ńkọ́? Pùròfẹ́sọ̀, bíró. Dókítà, fìlà." Ẹ jẹ́ ká jọ kún kọ́rídọ̀ yẹn fọ́fọ́, kí ìjọba lọ wá àwọn tí kò bá ẹnikẹ́ni tan wá jókòó, kí wọ́n gbé ẹrù yẹn sọ́tọ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin ò ní bá wa jáde. Ẹ kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀, ẹlẹ́rìí lẹ jẹ́, kò sì sí òfin tó ní kí ẹlẹ́rìí má ní àbúrò.

Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi, aago mẹ́wàá ò ní dúró dè wá. Bí mo bá ti ń jáde, kẹ́ ẹ máa wọlé.